Orin Tí Ìrù Rẹ̀ Sọnù sí Igbó Elétíọfẹ

Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ sún mọ́ra, kí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà dá ọwọ́ dúró ná, nítorí etí ni a fi ń jẹ ìtàn tí mo gbé wá lónìí, bí ẹnu bá sì ń dún, etí kì í yó. Èmi fúnra mi kì í ṣe ọdẹ o. Ìgbín pàápàá máa ń sá mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́rìndé ọmọ Ọdẹ́jìnmí, ọdẹ ìlú Ìdí-Ògánwó, ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi lábẹ́ àtíbàbà ilé rẹ̀. Ṣẹ́gilọlá aya rẹ̀ jókòó tì í, ó ń dá a lóhùn padà níbi tó bá ti fẹ́ bù mọ́ ọn. Nítorí náà, ohun tí ẹ óò gbọ́ yìí, wọ́n ti jọ̀ ọ́ kí èmi tó rò ó.

Ọdẹ ni bàbá Ọdẹ́rìndé, ọdẹ ni bàbá tó bí bàbá rẹ̀. Bí ẹtù bá tẹ ewé gbígbẹ lánàá, Ọdẹ́rìndé yóò sọ fún ọ lónìí bóyá akọ ni tàbí abo, bóyá ó yó tàbí ebi ń pa á. Ṣùgbọ́n òun àti Ṣẹ́gilọlá gbé ilé fún ọdún méjìlá láìgbọ́ ẹkún ọmọ. Ní ọdún tí odò Ìsán kún àkúnya, omi gbé ọjà etí odò lọ ní ọ̀sán gangan, àwọn oníṣòwò tó ń sá lọ sì rí ọmọbìnrin kan, ó tó ọmọ ọdún mẹ́ta, ó di ẹ̀ka igi mú. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ wọn, wọ́n gbé e lọ sí apá òkè odò, sí ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí kò ní alágbàtọ́. Akọ̀wé ibẹ̀ bi í léèrè ilé rẹ̀, ọmọ náà fi ẹnu kékeré dáhùn, akọ̀wé sì kọ ọ́ sórí ìwé pé: OMO ILE ONIGBA. Kò fi àmì ohùn kan ṣoṣo sí i. Ó kọ ọ́ bí ẹni se ọbẹ̀ tí kò fi iyọ̀ sí i, lẹ́yìn náà ó ṣí lọ sí ìlú tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Láti ọjọ́ náà ọmọ yìí kò sọ̀rọ̀ mọ́ fún odindi ọdún kan. Nígbà tí ọ̀rọ̀ padà sí i lẹ́nu, gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ilé ti bá omi lọ, àfi orin kan tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, tó máa ń kùn sínú. Ìgbà náà ni Ọdẹ́rìndé àti Ṣẹ́gilọlá lọ gbà á tọ́, wọ́n sì sọ ọ́ ní Morẹ́nikẹ́. Ìyá tó ń bójú tó ilé àwọn ọmọ náà kìlọ̀ fún wọn pé, “Àgbàtọ́ ni o. Bí ẹ bá rí ẹbí rẹ̀, ẹ jẹ́ kó mọ̀ wọ́n.” Ọdẹ́rìndé wo ìwé, ó ní, “Ilé onígbá. Àwọn tó ń fín igbá ni.” Ó lọ bá àwọn afíngbá ní ìlú mẹ́ta, gbogbo wọn ní ọmọ àwọn kò sọnù. Nígbà tó di ọdún kejì, ó ká ìwé náà sínú àpò ọdẹ rẹ̀, ó ní òun ti gbìyànjú.

Morẹ́nikẹ́ dàgbà, ó di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Bí ó bá ń fọ abọ́, á máa kun orin rẹ̀. Bí ó bá ń ṣa ẹ̀wà, á máa kùn ún. Ọdẹ́rìndé a máa gbọ́ ọ láti òde, ara rẹ̀ a sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan abọ́ ń dún, orin kò dún. Ó wọlé lọ wò ó, ó bá a tí ó dá ọwọ́ dúró sínú omi ọṣẹ.

Ọmọ náà ní, “Bàbá, ìrù orin mi ti já.”

“Báwo ló ṣe já?”

“Mo mọ orí rẹ̀. Bí mo bá dé ibi tó yẹ kí ó parí sí, ó ṣófo. Lọ́dún tó kọjá, odindi ni.”

Ṣẹ́gilọlá sáré wọlé, ó fà á mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì ìdílé ọlọ́dẹ kì í, ó kì í títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Morẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, Màmá. Ṣùgbọ́n tiyín nìyẹn. Ta ni yóò kì mí ní tèmi?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbéèrè yẹn gún Ọdẹ́rìndé lọ́kàn. Orin náà ni okùn kan ṣoṣo tó kù láàárín ọmọ yìí àti ilé rẹ̀. Bí ó bá tán, ó tán nìyẹn. Nígbà tí ọmọ jáde, Ṣẹ́gilọlá kọjú sí ọkọ rẹ̀, ó ní, “Baálé mi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi ọjọ́ mẹ́ta tọ ẹ̀jẹ̀ ẹtù kan ṣoṣo, ọdún méjì péré lẹ fi tọ ipasẹ̀ ìdílé ọmọ yìí. Ẹ dìde.” Ó di àádùn àti róbó fún un, ó fi lé e lọ́wọ́, ó sì ṣílẹ̀kùn fún un. Obìnrin yẹn kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

Ó ku ibi tí yóò lọ. Láyé àtijọ́ ni àwọn àgbà Ìdí-Ògánwó ti ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá gbàgbé kì í ṣègbé, inú Igbó Elétíọfẹ ló ń rọ́ lọ, àwọn iwin ibẹ̀ a sì máa kó o pamọ́ bí àwa ti ń kó àgbàdo sí àká. Igbó yìí ló dí ẹ̀yìn ìlú wọn, kò sì sẹ́ni tó ń gba inú rẹ̀ kọjá. Kí Ọdẹ́rìndé tó lọ, Morẹ́nikẹ́ kọ́ ọ ní orí orin náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ohùn Ọdẹ́rìndé kò dára. Ìgbà tó kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀, ewúrẹ́ inú ọgbà dìde. Ṣùgbọ́n ó kùn ún, ó tún un kùn, títí ọmọ fi ní, “Ó ti ń jọ ọ́, Bàbá.”

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ kan àtàrí nígbà tó dé ẹnu igbó náà. Iwin kan dùbúlẹ̀ dí ọ̀nà. Etí rẹ̀ ọ̀tún ló tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní, etí rẹ̀ òsì ló fi bora, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pè é ní Fetíbora.

Ó ní, “Ìwọ ọdẹ, ọkàn rẹ ń pariwo, o kò jẹ́ kí n sùn. Kí lo wá ṣe?”

Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀. “Bàbá, mo kí yín o. Ìdílé ọmọ tí mo gbà tọ́ ni mò ń wá.”

“Ó dára. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni owó ibodè mi. Lọ́jọ́ tí afíngbá tó kẹ́yìn sọ fún ọ pé ọmọ àwọn kọ́, kí ni ọkàn rẹ sọ?”

Ọdẹ́rìndé gbá ẹ̀wù rẹ̀ mọ́ra, ó kó òwe jáde. Ó ní, “Bàbá, àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí kò bá lé ejò, ejò ló ń lé e. Odò kì í ṣàn kó gbàgbé ìsun rẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.”

Fetíbora gbé etí òsì sókè díẹ̀. “Òwe mẹ́ta, ìdáhùn kò sí. Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ gun ẹṣin tìrẹ sá fún ọ̀rọ̀. Mo tún bi ọ́: kí ni ọkàn rẹ sọ?”

Ọdẹ́rìndé jọ̀wọ́ ẹ̀wù rẹ̀. Ó rántí ọjọ́ náà, bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ fífúyẹ́ bọ̀ láti ìlú afíngbá. Ó ní, “Inú mi dùn. Mo sọ fún aya mi pé àárẹ̀ mú mi, ṣùgbọ́n inú mi ló dùn. Mo rò pé bí n kò bá rí wọn, ó di tèmi pátápátá nìyẹn. Títí di òní, ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá rí wọn, wọn yóò gbà á lọ́wọ́ mi.” Ibẹ̀ ló ti sunkún, ọkùnrin tí ẹfọ̀n ti kàn rí tí kò sunkún.

Fetíbora ká etí rẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, ọ̀nà sì ṣí gbàragada. “Òótọ́ ni mò ń gbọ́ yẹn. Kọjá.”

Ó rìn títí ó fi dé gbàgede kan, ilé kan sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ kìkì igbá: igbá ni ògiri, igbá ni òrùlé, kèrèǹgbè ń fì lẹ́nu ọ̀nà. Arúgbó iwin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Onígbá jókòó, ó ń fín igbá tuntun. Ọdẹ́rìndé kígbe pé, “Ilé onígbá! Mo ti dé ibẹ̀!” Ó fa ìwé rẹ̀ yọ, ó ro ẹjọ́ rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ìyá Onígbá fetí sí i, ó mú igbá kan tó rẹwà ju gbogbo ìyókù lọ, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

Ó ní, “Ìgbàgbé ni mo fín sára èyí. Bu omi sínú rẹ̀, kí ọmọ náà mu ún. Orin náà yóò tán, ìbéèrè yóò tán, ìwọ àti aya rẹ nìkan ni yóò mọ̀ láyé. Kò níí sunkún mọ́ láé.”

Igbá náà fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró, ó dúró, n kò níí purọ́ fún yín, ó rò ó dáadáa. Ó rí Morẹ́nikẹ́ lọ́kàn rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín láìsí ìbéèrè kankan. Lẹ́yìn náà ó ronú pé bí ẹnìkan bá fún òun náà ní omi yìí mu, Ọdẹ́jìnmí bàbá òun, tó kọ́ òun ní ipasẹ̀ ẹtù, yóò di ẹni tí kò sí rí. Ó da ojú igbá náà délẹ̀.

“Ẹ ṣé, Ìyá. Ọmọ tí mo fẹ́ nílé mi ni èyí tó mọ ibi tó ti wá.”

Ìyá Onígbá rẹ́rìn-ín. “O gbọ́n díẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló rán ọ wá sí ilé onígbá?”

“Ìwé ni.”

Ó gba ìwé, ó gbé e sétí. “Ìwé yìí yadi! Ó ní lẹ́tà, kò ní ohùn. Ṣé igbá ló wí ni, àbí igba, àbí ìgbà, àbí igbà? Ẹ̀yin ọmọ èèyàn, ẹ ń kọ Yorùbá sílẹ̀ bí ẹni tí òjò ń lé. Ọdún mẹ́wàá lo ti gbà pé igbá ni, o kò bi ara rẹ bóyá igbá ni lóòótọ́. Máa lọ bá Akùnmásọ. Òun kò ní ètè, kò sì ní ahọ́n. Ìwé rẹ ní lẹ́tà, kò ní ohùn. Òun ní ohùn, kò ní lẹ́tà. Bóyá ẹ̀yin méjèèjì á jọ di odindi.”

Akùnmásọ wà létí odò kékeré kan, ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ nísàlẹ̀ imú. Bó ṣe rí àlejò, ó kùn pé, “Hún-hùn-hún.” Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀ kí i. Ó tún kùn pé, “Hún-hùn-hún.” Ọdẹ́rìndé sọ orúkọ bàbá rẹ̀. “Hún-hùn-hún!” Ọdẹ́rìndé dúró ṣanṣan bí òpó, orúnkún ń ro ó, ó ń ṣẹ́jú, títí iwin náà fi fi ọwọ́ lu gbòǹgbò igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà náà ni ó yé e.

“Jókòó! Ẹ ní kí n jókòó!”

Iwin náà fi imú rẹ́rìn-ín, ọdẹ sì jókòó. Ó wá fara balẹ̀, ó kun orí orin ọmọ rẹ̀: “Hun-hún-hùn, hùn-hun-hùn.” Akùnmásọ fò dìde. Ó fa okùn kan yọ, ó fi yí ọ̀pẹ tó wà nítòsí ká, ó fi yí ìbàdí ara rẹ̀ náà ká, ó so ó, ó fẹ̀yìn tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, bí àwọn akọ̀pẹ ti ń ṣe. Ó dúró lókè, ó na ọwọ́ sí okùn náà, ó kùn pé, “Hun-hùn.”

Ọdẹ́rìndé di orí mú. “Igbà! Kì í ṣe onígbá, onígbà ni! Ilé akọ̀pẹ ni! Onígbà... sọ̀kalẹ̀! Onígbà, sọ̀kalẹ̀!” Ohun tó ń wá lọ sí Sókótó, inú ṣòkòtò ló wà. Ọdún mẹ́wàá ni ọmọ náà fi ń kùn ún sí i létí lẹ́nu abọ́ fífọ̀, etí ọdẹ tó ń gbọ́ ìrìn ẹtù kò gbọ́ ọ.

Iwin náà sọ̀kalẹ̀, ó sì fi ìrù orin tó sọnù náà lé e: “Hùn-hùn-hún, hún-hún-hún.” Ọdẹ́rìndé bi í pé ṣé orúkọ ló bẹ̀rẹ̀ ìrù náà, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. “Àbẹ̀ní?” Ó mi orí. “Àṣàkẹ́?” Ó mi orí. “Àwẹ̀ró?” Ó tún mi orí, ó na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Bákan náà ni gbogbo wọn ń dún létí ẹni tí kò ní ahọ́n. Ọdẹ́rìndé wá mọ̀ pé igbó lè mú èèyàn dé ẹnu ilẹ̀kùn, ara ilé nìkan ló lè ṣí i. Ó dúpẹ́, ó tọ ibi tí orí ọ̀pẹ ti pọ̀ lọ, ó sì já sí ìhà kejì igbó, ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Abà Ọlọ́pẹ.

Ọkùnrin kan wà lórí ọ̀pẹ. Ọdẹ́rìndé dúró nísàlẹ̀, ó fi ohùn burúkú rẹ̀ kọ orí orin náà, ó sì kun ìrù rẹ̀. Àdá dúró lókè.

“Ta nìyẹn? Ta ló kọ́ yín ní orin yẹn?”

“Ọmọ kan tó ń fọ abọ́ nílé mi ni.”

Ọkùnrin náà sáré sọ̀kalẹ̀ débi pé èèpo ọ̀pẹ bó o lẹ́sẹ̀. Ọlátẹ̀jú ni orúkọ rẹ̀. Ó di ọwọ́ Ọdẹ́rìndé mú, ó ní, “Ará mi, ìyàwó mi ló ṣe orin yẹn fún ọmọ wa. Bí oúnjẹ bá jinná, á ní kó wá fi pè mí lábẹ́ ọ̀pẹ. Ọjọ́ ọjà ni omi kó àwọn méjèèjì lọ. A rí ìyá, a sin ín. A kò rí ọmọ. Ìsàlẹ̀ odò la wá a lọ títí, ta ló mọ̀ pé òkè ni wọ́n gbé e lọ?” Àwọn méjèèjì sì jọ sunkún níbẹ̀, ọkùnrin méjì tí kò mọ ara wọn rí.

Ìyá Ọlátẹ̀jú, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Àgbà, ṣì wà láyé, ó ń pa èkùrọ́ lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó béèrè orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ náà níbi tó wà. Wọ́n ní Morẹ́nikẹ́. Ó ní, “Mo rẹ́ni kẹ́. Ẹni tó sọ ọmọ ní orúkọ yẹn kò fi ìyà jẹ ẹ́.” Ó bọ́ sí ìta, ó ní kí àwọn máa lọ.

Ọdẹ́rìndé dúró, ó ní, “Ẹ dákun, ṣé ẹ óò gbà á lọ́wọ́ wa ni?”

Ọlátẹ̀jú gbé igbà rẹ̀ sókè. “Ẹ wò ó. Igbà yìí yí ọ̀pẹ ká, ó sì yí èmi náà ká. Bí ó bá yí ọ̀pẹ nìkan ká, mo já bọ́ nìyẹn. Bí ó bá yí èmi nìkan ká, mo já bọ́ náà nìyẹn. Ọmọ tó ti já bọ́ lẹ́ẹ̀kan rí, ṣé àwa ni yóò tún tú apá kan okùn rẹ̀?”

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba inú igbó padà, Fetíbora sì ká etí rẹ̀ kúrò lọ́nà kí wọ́n tó bẹ̀ ẹ́. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Wúràọlá tẹ̀ lé wọn, ẹgbẹ́ Morẹ́nikẹ́ ni, ògiri kan náà ni ilé wọn àti ti Ọlátẹ̀jú jọ pín. Ó ní kò sẹ́ni tó lè ní kí òun dúró. Nígbà tí wọ́n dé Ìdí-Ògánwó, ìró abọ́ ń dún lẹ́yìnkùlé, orin kò dún. Ìyá Àgbà kò pe ẹnikẹ́ni. Ó dúró létí ọgbà, ó gbé ohùn:

“Onígbà, sọ̀kalẹ̀,
Àwẹ̀ró ń dúró.”

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Ó dìde pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, ó tún ìrù náà kọ fúnra rẹ̀, “Àwẹ̀ró ń dúró,” ó tún un kọ, ó wá fi ọwọ́ lé àyà. “Èmi ni. Èmi ni Àwẹ̀ró.” Ìyá Àgbà gbá a mú. “Àwẹ̀ró, ọmọ onígbà tí í bá ọ̀pẹ sọ̀rọ̀! Ọmọ agòkè-má-gbàgbé-ilẹ̀! Ìyá rẹ wẹ̀ ọ́, ó ró ọ láṣọ, kó tó gbé ọ lọ sọ́jà. Ta ló sọ pé o kò lẹ́ni tí yóò kì ọ́?” Inú ọmọ náà dùn, omijé sì ń dà lójú rẹ̀, Ọlátẹ̀jú bàbá rẹ̀ sì dì í mú láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà tí Ìyá Àgbà rí Ṣẹ́gilọlá lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó fẹ́ kúnlẹ̀ fún un. Ṣẹ́gilọlá sáré dì í mú, wọ́n sì jọ wólẹ̀ pọ̀. Wúràọlá ní tirẹ̀ ká apá ẹ̀wù sókè. “Èmi kò rántí ojú rẹ o, ṣùgbọ́n màmá mi ní abọ́ kan náà la jọ ń jẹun nínú rẹ̀. Jẹ́ n bá ọ fọ èyí tó kù.”

Wọ́n fẹnu kò pé ilé méjèèjì ni yóò máa gbé. Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi gígùn, ó lọ lo oṣù kan ní Abà Ọlọ́pẹ. Ọdẹ́rìndé ní ara òun le, ṣùgbọ́n ẹ bi Ṣẹ́gilọlá wò: ó tún ilẹ̀kùn tí kò bàjẹ́ ṣe, ó tún ọgbà tó dúró dáadáa ṣe. Lọ́jọ́ tí oṣù pé, orí òrùlé ló wà, ó ń kan páànù tí kò jò. Ẹ̀rù tó ti jẹ́wọ́ fún Fetíbora kò tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀ tán. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn lójú ọ̀nà, ẹni náà sì ti yí orin padà díẹ̀ kí ó lè bá ọdẹ mu:

“Ọlọ́dẹ, sọ̀kalẹ̀,
Àwẹ̀ró ń dúró.”

Ó wò ó, ọmọ rẹ̀ ni, kẹ́ẹ̀gì epo wà lórí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọdẹ́rìndé ní títí di òní òun kò mọ bí òun ṣe dé ilẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ tí ẹ kò bí, ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Ẹ má ṣe bẹ̀rù ilé tí ọmọ ti wá, nítorí ọmọ tí ẹ bá jẹ́ kó mọ ọ̀nà ibẹ̀ yóò mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ yín náà. Ẹ fetí sí ohun tó ń kùn nídìí iṣẹ́. Bí ẹ bá sì ń kọ orúkọ ilé ọmọ sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ fi àmì sí i. Ọdẹ́rìndé ti sọ̀kalẹ̀, èmi náà sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà lè máa jẹ ẹ́ lọ.